Àyè Kẹsàn-án Létí Adágún Ansgar

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn ni wọ́n fi tan odidi ìdílé kan jẹ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ìdílé Tollefson ni, aládùúgbò mi ní Hanlow, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Arlys ni orúkọ ìyá wọn. Ó wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí oko àdádó kan lágbègbè wa tí kò tíì gbé ọmọ níbẹ̀ rí. Obìnrin kúkúrú ni, ó ní láti gbé ìrọ̀rí sábẹ́ ìdí kó tó rí iwájú dáadáa. Èmi Dékẹ́, ọmọ Iléṣà, ti ń gbé ilé tó kàn tiẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Ìyá Craig ni mo máa ń pè é, nítorí ìyá tó bí mi ò kọ́ mi láti máa la orúkọ mọ́ àgbàlagbà lórí. Ó kọ́kọ́ ń yà á lẹ́nu. Ní báyìí, tí mo bá ṣèèṣì pè é ní Arlys, á ní kí lòun ṣe fún mi.

Verlyn, ọkọ rẹ̀, kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun méjì ló fi sílẹ̀ tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Èkíní ni ọkọ̀-ilé wọn, èyí tí ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlélọ́gbọ̀n, tó sì ga bí ìyàwó tuntun tó ń yan. Èkejì ni ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan, níbi tó ti ń kọ èrò rẹ̀ nípa gbogbo ibùdó àgọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé àti èyí tí wọn ò dé.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, Craig, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá jókòó sídìí tábìlì ìyá rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, nítorí kọfí ilé yẹn kì í tán. Craig ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó ń ta katakata fún àwọn àgbẹ̀, ó sì máa ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n ní nǹkan.

"Màmá, mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ Dádì."

"Ta ló sọ fún un pé à ń tà á?"

"Ó ti pé ọdún méjì tó ti wà lójú kan. Ta ni yóò wà á?"

"Èmi."

Craig rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín yẹn jáde, mo sì sọ nínú ara mi pé, ìwọ ọmọ yìí, o ti fọwọ́ ara rẹ fa wàhálà.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: àṣà kan wà níbí tó máa ń bí mi nínú. Obìnrin lè wa ohunkóhun láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n tí ìsinmi bá dé, tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀-ilé jáde, ọkùnrin ló ń wà á. Iṣẹ́ obìnrin ni kó sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n bá débẹ̀, kó dúró sẹ́yìn ọkọ̀, kó máa ju ọwọ́ pé wá sápá ọ̀tún, wá sápá òsì, títí wọ́n á fi bá ara wọn jà. Arlys tó gbé ọmọ gbogbo ìlú la yìnyín kọjá, ó wá di ẹni tó ń jókòó sápá kejì tó ń di àwòrán ọ̀nà mú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Wọ́n ṣe àdéhùn lọ́jọ́ náà. Ìrìn àjò kan péré. Arlys ni yóò yan ibi tí wọn yóò lọ, òun ni yóò wa ọkọ̀ débẹ̀, òun náà ni yóò sì gbé e sí àyè rẹ̀. Tí ọwọ́ ẹlòmíì bá fi kan sítíárìn, ọkọ̀ di títà. Craig mú kọ́kọ́rọ́ kejì sápò bí ẹ̀rí.

"Ó dáa," ni Craig wí. "Mo mọ ibi tó máa rọ̀ yín lọ́rùn. Ó wà légbèé ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ máa kọjú wọlé, ẹ máa kọjú jáde, ẹ ò ní fi ẹ̀yìn rìn rárá. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tún wà níbẹ̀."

"Omi inú kòtò tí wọ́n kùn ní búlúù? Etí adágún ni mo fẹ́."

"Màmá! Dádì ò gbé wa dé etí adágún rí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọn."

"Mo gbọ́," ni Arlys wí, ó sì bu kéèkì sí i fún un kí ẹnu rẹ̀ lè dí.

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ìwé Verlyn. Ọkùnrin náà kọ nǹkan dáadáa. Ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ibi tí ilé ìwẹ̀ ti mọ́, ibi tí igi idáná ti tutù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá ti jẹ́ etí omi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ. Adágún Bram: ẹ̀fọn. Adágún Ansgar, àyè mẹ́tàlá létí omi: ẹ̀fọn. Mo wá dé ojú ewé kan: Adágún Tveit, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá, yìnyín ń bọ̀, ẹ̀fọn.

"Ìyá Craig, ẹ̀fọn wo ló ń fò nínú yìnyín? Àbí ẹ̀wù òtútù ló wọ̀?"

Arlys bu kọfí, ó wo ojú fèrèsé, ó tún bu kọfí sí ife tó ti kún.

"Verlyn ò lè fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ yẹn wọlé," ló wí níkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ náà wá jáde. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀-ilé, etí omi ni àwọn méjèèjì nìkan lọ, Craig ò bá wọn lọ. Ibi etí omi kì í ní ọ̀nà àbájáde, ẹ̀yìn lèèyàn ń fi wọ̀ ọ́. Verlyn gbìyànjú fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó kọlu òpó omi ẹ̀rọ, omi tú sókè, àwọn tó wà níbùdó sì ti gbé àga jáde tí wọ́n ń wò ó bí ẹni wo sinimá. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi délé. Ní ọdún kejì, ó ní ẹ̀fọn pọ̀ jù létí omi.

"Ẹ mọ̀, ẹ wá dákẹ́?"

"Ó máa ń sùn dáadáa níbi tí kò ti sí omi."

"Kí ló dé tẹ́ ò gba sítíárìn lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Kò bi mí."

Mo gbé ọwọ́ lé orí. Bí àwọn èèyàn mi níbí ṣe rí nìyẹn. Ilé lè máa jó, tí o kò bá bèèrè omi, wọn ò ní fẹ́ ṣe àyọjúràn. Mo ní kó pe Craig lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó sọ fún un, kí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ tó ń fi lé wa lórí lè tán. Arlys mi orí.

"Craig gbà pé kò sí ohun tó ní táyà tí bàbá òun ò lè wà. Jẹ́ kó máa gbà bẹ́ẹ̀. Dékẹ́, o ò gbọdọ̀ sọ."

Mo búra. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ti ń yún mi.

Ibi tí yóò lọ kù sí ọwọ́ rẹ̀ láti yàn, mi ò sì tíì rí ẹni tó fara balẹ̀ yan nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà ọkọ. Ó tẹ́ àwòrán ibùdó mẹ́ta sórí tábìlì. Ó gé páálí kékeré kan ní ìrísí ọkọ̀ náà, ó wá ń fi ìka tì í wọ inú àyè kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán. Ó lé Bram sẹ́yìn nítorí pé oòrùn àárọ̀ kì í débẹ̀. Ó lé Tveit sẹ́yìn nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ń pariwo. Ó ku Ansgar. Lára àyè mẹ́tàlá rẹ̀, àyè kẹsàn-án ló yọrí sínú omi bí ahọ́n. Òun ló dára jù, òun náà ló sì burú jù, nítorí ọ̀nà rẹ̀ kọ́ kọ́rọ́kọ́rọ́, ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igi funfun méjì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ọlọ́pàá.

Ní oṣù kejì, ó wọ́ mi lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́, oṣù kejì! Adágún ti dì gbagidi, àwọn èèyàn wà lórí rẹ̀ nínú ahéré tí wọ́n ń pẹja láti inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú omi dídì náà. Òtútù náà mú mi débi tí mi ò gbúròó etí mi mọ́. Arlys ń fi téèpù Verlyn wọn àárín igi méjì náà.

"Di ibẹ̀ mú dáadáa, Dékẹ́."

"Ọwọ́ mi ti kú, Ìyá Craig. Ẹ wá gbé òkú ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Ọkọ̀ wa jẹ́ mẹ́jọ àtààbọ̀. Àyè ijó wà níbẹ̀!" Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo ẹ̀ka tó lè ya òrùlé ọkọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Arlys ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òwe yẹn ló ń pa lọ́jọ́ náà láti igi dé igi. Ó wọn ibi tí òpó omi wà. Ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀yìn ni o, nínú yìnyín tó dé orúnkún.

Oṣù mẹ́rin géérégé ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ gba àyè, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń jókòó tì í. Tí o bá sín, etí omi ti lọ. Mo ń wo aago, Arlys ń wo kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ ga sókè. Mo pariwo "Ó yá!" Ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. Lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ̀ yọ: Tollefson, àyè kẹsàn-án, òru mẹ́rin. Mo jó yí tábìlì náà ká. Arlys ní, "Ó dáa nígbà náà," ó sì lọ fọ ife. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń súfèé.

Ọjọ́ pé ní òpin oṣù kẹfà. Èmi ni mo jókòó sápá kejì, Craig ń tẹ̀lé wa nínú ọkọ̀ tiẹ̀. Arlys gbé ìrọ̀rí sídìí, ó tún dígí ọ̀tún àti tòsì ṣe, ó wá wa ọkọ̀ náà fún wákàtí mẹ́ta bí ẹni ń gbé ẹyin. Ọ̀nà ò dà wá láàmú. Ẹ̀yìn la ní láti fi wọlé, ẹ̀yìn yẹn ló sì wà lọ́kàn gbogbo wa.

Níbùdó àgọ́, kò sí eré tó dùn tó kí àlejò máa fi ẹ̀yìn wọlé. Bí a ṣe yọ ni mo gbọ́ ìró àga, kọ̀ kọ̀ kọ̀, tí wọ́n ń yí kọjú sí wa. Arlys kọjá ẹnu àyè náà díẹ̀, ó dúró, ó fa bíréèkì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ po, ó wòkè. Ó tún gòkè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún sẹ́yìn ni ọkùnrin mẹ́rin dìde pẹ̀lú ife ọtí lọ́wọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan ń júwe apá ọ̀tún, ọ̀kan ń júwe apá òsì, ọ̀kan ní kó dúró, ọ̀kan ní kó máa bọ̀. Craig wá dúró gan-an sáàárín dígí, apá méjèèjì lókè, ó ń pè é wá sápá òsì.

Ìyá gbọ́ ti ọmọ. Ó yí sápá òsì. Àfi gbììì tí ọkọ̀ yà, mo sì rí òpó omi nínú dígí, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí wa.

"Òpó!" ni mo ké.

Arlys tẹ bíréèkì. Àwọn tó wà lórí àga ń mi orí. Arlys tẹjú mọ́ òpó náà nínú dígí. Mo mọ̀ pé òpó mìíràn ló ń rí, ti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Craig ti sáré dé, ó ti ṣí ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e wọlé."

"Àdéhùn ńkọ́?"

"Ẹ gbàgbé àdéhùn. Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Dádì fúnra wọn, ká ní wọ́n wà níbí…"

Arlys yíjú sí i, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé yóò sọ ọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́, ó fa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú, ó gbé dígí fèrèsé wálẹ̀, ohùn kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí láti ọdún méjìlélógún.

"GBOGBO YÍN, Ẹ JÓKÒÓ! Ọkọ̀ yìí ò ní sún títí tí gbogbo èèyàn fi máa jókòó!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n jókòó. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí àga rẹ̀ jìnnà jókòó sórí koríko lójú ẹsẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Arlys yọrí. "Denny Vossberg, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Mísíìsì Tollefson." Ọkùnrin náà ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ọmọ inú bọ́ọ̀sì Arlys ni nígbà kan rí.

"Ẹsẹ̀ rẹ wà lójú ọ̀nà."

Denny ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra wàràwàrà. Craig wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó dúró mọ́ àfi òun. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó ọwọ́ sáàárín itan.

Gbogbo ibùdó wá pa rọ́rọ́. Arlys gbé ọkọ̀ padà síwájú títí ó fi tọ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn bọ̀. Dígí ọ̀tún. Dígí òsì. Kò yára, kò sì dúró. A la àárín igi funfun méjì kọjá, ewé kan ò mì. Òpó omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. A sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, títí táyà ẹ̀yìn fi gun pákó méjì tó ti tẹ́ sílẹ̀ fún un. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Mo pariwo débi pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ fò kúrò lórí omi. "Ìyá Craig! Ẹ kú iṣẹ́! Ọwọ́ yín ò ní rọ!" Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jó lójú gbogbo wọn, ẹni tó fẹ́ kó sọ pé orí mi dàrú. Denny dìde, ó gbọn koríko nù nídìí, ó wo ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí.

"Kò burú," ló wí.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ní Minnesota, "kò burú" ni òkè pátápátá, kò sí àtẹ̀gùn mìíràn lókè rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin tó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, obìnrin náà ṣì ń fi yangàn di òní. Àga tó kù ń gbà á lẹ́nu ara wọn: kò burú, kò burú rárá.

Nígbà tí mo padà wọnú ọkọ̀, Arlys ti ń rìn lọ sẹ́yìn. Àṣà awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni, tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbọ́dọ̀ rìn dé ìjókòó ìkẹyìn láti wò bóyá ọmọ kan sùn gbàgbé síbẹ̀. Ó dé fèrèsé ẹ̀yìn, ó fa aṣọ fèrèsé náà sọ́tọ̀. Adágún Ansgar kún fèrèsé náà láti etí dé etí, oòrùn ọ̀sán ń dán lórí rẹ̀.

"Wo omi, Verlyn," ló wí. Ojú rẹ̀ kún, tèmi náà kún. Inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí.

Craig wọlé, kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí.

"Màmá. Níbo lẹ ti kọ́ irú èyí?"

"Lẹ́nu ọ̀nà oko àwọn Lindgren, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ní láti fi ẹ̀yìn yí padà. Ìdájí ni, oṣù kìíní, ọmọ mọ́kànlélógójì sì ń pariwo lẹ́yìn mi. Ìwọ náà wà níbẹ̀. O máa ń sùn lórí ìjókòó kẹta."

Craig yọ kọ́kọ́rọ́ kejì lápò, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù, ó bọ́ síta, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere.

"Ẹ má bínú o. A ò tà á mọ́… Rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye. Màmá mi ló ń wà á."

Ó tún un sọ, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: "Màmá mi ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, a jókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sétí omi, a ń jẹ ẹja sísun. Craig mí ìmí gígùn. "Dádì ìbá fẹ́ràn ibí yìí. Ẹ̀fọn nìkan ló…"

Mo la ẹnu. Arlys wò mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ki ẹja bọ ẹnu náà, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Ibi tí mo ti ń jẹun lọ́wọ́ ni Craig ti fọwọ́ gbá ọrùn ara rẹ̀, pàá! Ó tún gbá apá. Èmi náà gbá ẹsẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ni, ẹ̀fọn Ansgar sì ti jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jẹ wá bí ẹni jẹ gbèsè.

"Ẹ wò ó!" ni Craig ké, ó ń jó lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé ẹ rí i? Dádì ò parọ́!"

"Bàbá rẹ ò parọ́ rí," ni Arlys wí, ojú rẹ̀ gbẹ bí ti adájọ́. Ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Arlys fi aṣọ borí, ó yọ ìwé kékeré aláwọ̀ ewé náà nínú àpò, ó ṣí i sí ojú ewé Adágún Ansgar. Abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Verlyn kọ níbẹ̀ ló kọ tiẹ̀ sí, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà: "Òótọ́ ni. A ó padà wá."